Packing wo ló bá iṣẹ́ yín mu? Ìfiwéra bí omi ṣe ń dúró nínú kọ́lọ́ọ̀mù

Packing ni òrùka tàbí abala irin tí wọ́n ń kó sínú kọ́lọ́ọ̀mù kí omi àti gáàsì lè pàdé lójú rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí ẹni tó ń ta packing fi ìwé ọjà rẹ̀ ránṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí níbẹ̀ ni ìwọ̀n ojú tí packing náà ní, ìyẹn iye mítà onígun mẹ́rin tó wà nínú mítà onígun mẹ́ta kan. Nọ́ńbà náà wúlò, ṣùgbọ́n kò sọ iye omi tí yóò wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Kò sọ bí omi ọ̀hún yóò ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Kò sì sọ èyí tí yóò ṣẹ́ kù sára packing lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa pọ́ǹpù. Ohun mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ máa fi yan packing, nítorí pé packing méjì lè ní ojú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí ọ̀kan ba ọjà jẹ́, kí èkejì sì tọ́jú rẹ̀.

Kọ́lọ́ọ̀mù tí mò ń sọ ni àgbá gíga tí wọ́n kó òrùka kéékèèké tàbí abala irin tí a ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sínú rẹ̀. Omi ń wọ̀ ọ́ láti òkè, gáàsì tàbí oru ń gba ìsàlẹ̀ gòkè, àwọn méjèèjì sì ń pàdé lójú packing. Òun ni wọ́n fi ń wẹ gáàsì, òun náà ni wọ́n fi ń ya epo sí oríṣiríṣi nípa oru. Níbikíbi tí mo bá ti pe nǹkan ní omi nínú àlàyé yìí, ohun olómi èyíkéyìí ni mo ní lọ́kàn, ì báà jẹ́ epo, ásíìdì tàbí ọtí líle.

## Èyí tó ń ṣàn àti èyí tó lẹ̀ mọ́ra

Omi tó wà lára packing pín sí méjì. Ẹ wo aṣọ tí a fọ̀ tí a sì sá sórí okùn láìfún un: omi púpọ̀ á kọ́kọ́ máa kán sílẹ̀, bó bá ṣe díẹ̀ kíkán á dáwọ́ dúró, síbẹ̀ aṣọ náà á ṣì tutù lọ́wọ́. Nínú kọ́lọ́ọ̀mù, omi àṣàn ni èyí tí yóò ṣàn jáde tán bí a bá pa pọ́ǹpù àti gáàsì pọ̀. Omi àlẹ̀mọ́ ni èyí tí yóò ṣẹ́ kù sí kọ̀rọ̀, sí ibi tí òrùka méjì ti fara kan ara wọn, àti sínú òrùka tó dùbúlẹ̀. Àpapọ̀ wọn ni ìdádúró omi, a sì máa ń kà á bí ìdá nínú 100 àyè tí packing gbà.

Ohun tó ń darí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Omi àṣàn ń pọ̀ sí i bí a bá fi kún iṣẹ́ pọ́ǹpù, bí packing bá ní ojú púpọ̀, tàbí bí omi fúnra rẹ̀ bá ki. Omi àlẹ̀mọ́ ní tirẹ̀ kò mọ̀ bóyá pọ́ǹpù ń sáré tàbí ó ń rìn. Agbára tí ojú omi fi ń fa ara rẹ̀ mọ́ra, bí omi ṣe wúwo tó, kọ̀rọ̀ tó wà lára packing, àti bóyá ohun tí a fi ṣe packing náà ń jẹ́ kí omi tẹ́ sí òun lára, àwọn wọ̀nyí ló ń pinnu iye rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òrùka kéékèèké fi ń ní omi àlẹ̀mọ́ ju òrùka ńláńlá lọ: ibi tí wọ́n ti ń fara kan ara wọn pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan owó yín gan-an. Omi àlẹ̀mọ́ kì í tètè pààrọ̀ pẹ̀lú tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ kí omi gbé ammonia kúrò lára atẹ́gùn, omi tó lẹ̀ sí kọ̀rọ̀ yóò gbé ìwọ̀n tó lè gbé láàárín ìgbà díẹ̀, yóò sì yó. Láti ìgbà náà lọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan mọ́, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ṣì wà nínú nọ́ńbà tí oníṣòwò kọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ńṣe ni ẹ ń jẹ́ kí omi lásán gbẹ sínú atẹ́gùn, omi àlẹ̀mọ́ ń ṣiṣẹ́ bí omi àṣàn, nítorí pé kò sí ohunkóhun tí yóò yó ó. Shulman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ kedere ní 1955. Wọ́n wọn omi àṣàn àti omi àlẹ̀mọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí Raschig ring (òrùka tí ara rẹ̀ dí) àti Berl saddle (èyí tó rí bí gàárì ẹṣin), wọ́n sì lò ó láti ṣàlàyé ìdí tí packing kan náà fi máa ń fi ojú púpọ̀ ṣiṣẹ́ níbi ìgbẹ omi, tí á sì fi díẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi ìwẹ gáàsì.

## Lórí ìwọ̀n kan náà

Kí a lè fi wọ́n wé ara wọn láìṣe ojúsàájú, mo ṣe ìṣirò kan. Kọ́lọ́ọ̀mù náà fẹ̀ ní mítà 1, packing inú rẹ̀ ga ní mítà 5. Omi tó ń wọ̀ ọ́ jẹ́ m³ 20 ní wákàtí kan lórí m² kọ̀ọ̀kan, omi lásán ni, gáàsì sì rọra ń lọ. Ìlànà tí mo lò ni èyí tí Stichlmair, Bravo àti Fair gbé jáde ní 1989:

h = 0.555 × (u² × a ÷ (g × ε^4.65))^(1/3)

h ni ìdádúró omi, u ni ìyára omi bí a bá pín in ká inú kọ́lọ́ọ̀mù òfìfo (0.00556 m/s níbí), a ni ojú packing, ε ni àyè òfìfo tó wà láàárín packing, g sì ni 9.81. Nọ́ńbà ojú àti àyè òfìfo tí mo lò wà lára àwọn èyí tí a sábà máa ń rí nínú ìwé ọjà. Ti ẹlòmíràn lè yàtọ̀ díẹ̀. Àlàyé oríṣi packing kọ̀ọ̀kan ń bọ̀ lẹ́yìn àtẹ.

| Ohun tó wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù | Ojú (m²/m³) | Àyè òfìfo | Ìdádúró omi | Omi inú rẹ̀ | Àkókò tí omi ń lò |
|---|---|---|---|---|---|
| Raschig ring alámọ̀, 25 mm | 190 | 0.74 | 7.5% | lítà 293 | ìṣẹ́jú àáyá 67 |
| Pall ring onírin, 25 mm | 215 | 0.94 | 5.4% | lítà 210 | ìṣẹ́jú àáyá 48 |
| Pall ring onírin, 50 mm | 110 | 0.95 | 4.2% | lítà 166 | ìṣẹ́jú àáyá 38 |
| Abala irin 250Y | 250 | 0.98 | 5.3% | lítà 208 | ìṣẹ́jú àáyá 48 |
| Tíréè, 600 mm síra wọn | – | – | 8.3% | lítà 327 | ìṣẹ́jú àáyá 75 |

Tíréè ni àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra nínú kọ́lọ́ọ̀mù dípò packing, tí omi ń dúró lórí rẹ̀. Nọ́ńbà tirẹ̀ kò ti inú ìlànà yẹn wá. Mo gbà pé omi tó dúró lórí tíréè kọ̀ọ̀kan ga tó 50 mm bí a bá yọ fóòmù kúrò, mo sì pín in fún 600 mm.

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ àti ìkejì dáadáa. Raschig ring ní ojú tó kéré sí ti Pall ring, síbẹ̀ òun ló dá omi dúró jù, ó fi lítà 83 ju èkejì lọ. Àyè òfìfo ló fà á. Amọ̀ nípọn, ó gba àyè, omi sì ń fún ara rẹ̀ gba ibi tó kù kọjá. Ẹ tún wo ìlà kẹrin: abala irin ní ojú tó pọ̀ jù lọ nínú àtẹ, omi inú rẹ̀ kò sì tó ti Pall ring 25 mm tí ojú rẹ̀ kéré sí tirẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú nìkan yan packing kò lè rí èyí.

## Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe sí omi

Friedrich Raschig, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì tó ní ilé-iṣẹ́ ní Ludwigshafen, ló gbé òrùka rẹ̀ jáde ní nǹkan bíi ọdún 1914. Kí ó tó dé, òkúta àti èédú ni wọ́n máa ń dà sínú kọ́lọ́ọ̀mù. Òrùka náà kò ṣòro láti ṣe: gígùn rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, ara rẹ̀ sì dí láìlójú. Ibi tí ara rẹ̀ ti dí yẹn ni wàhálà wà. Òrùka tó bá dùbúlẹ̀ á gba omi sínú bí àwo, gáàsì kò sì ní ráyè gba àárín rẹ̀ kọjá. Òrùka tó bá dúró gangan á ní kí omi gba ẹ̀yìn òun lọ, inú rẹ̀ á sì gbẹ. Omi àlẹ̀mọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ó tún ń ti omi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn gíga tó tó ìlọ́po 3 fífẹ̀ kọ́lọ́ọ̀mù, ó yẹ kí ẹ tún omi náà kó jọ kí ẹ sì tún un pín. Bí ẹ bá ń ra packing tuntun lónìí, mi ò rí ìdí tí ẹ ó fi yan Raschig ring, àfi níbi tí ásíìdì ti le tí ẹ kò sì rí saddle alámọ̀ rà.

Ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà BASF, tí òun náà wà ní Ludwigshafen, ló la fèrèsé sára òrùka náà, tó sì tẹ ahọ́n irin láti ojú fèrèsé wọ inú. Ohun tí a ń pè ní Pall ring nìyẹn. Ojú òrùka kò dín kù rárá, nítorí pé irin tí wọ́n gé kò kúrò lára rẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé omi tó bá bọ́ sínú rẹ̀ rí ọ̀nà jáde, á kán láti orí ahọ́n kan sórí èkejì, á sì máa dà pọ̀ mọ́ tuntun. Ọ̀nà tí Pall ring fi borí nìyẹn: omi àlẹ̀mọ́ dín kù, èyí tó wà níbẹ̀ sì ń pààrọ̀. Ó lè ga tó ìlọ́po 8 sí 10 fífẹ̀ kọ́lọ́ọ̀mù kí ẹ tó tún omi pín.

Saddle kò ní inú tí omi lè dúró sí, nítorí pé ó rí bí gàárì ẹṣin. Èyí tó jẹ́ Berl máa ń wọ inú ara wọn, ọ̀kan á bo ojú èkejì, omi á sì há sáàárín. Èyí tó jẹ́ Intalox dín ìbora yẹn kù. Saddle alámọ̀ ṣì wà káàkiri nínú ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sulphuric acid, nínú kọ́lọ́ọ̀mù ìgbẹ atẹ́gùn àti èyí tí ásíìdì ti ń gba SO₃ mọ́ra, nítorí pé ásíìdì kò lè jẹ amọ̀ sísun.

Abala irin ló gba àròjinlẹ̀ jù. Àwọn abala pẹlẹbẹ tí a ṣẹ́ ní ìlà ìlà ni, ìlà ti ọ̀kan dagun sí ọ̀tún, ti èkejì sí òsì. Lára 250Y, 250 ni ojú rẹ̀, Y sì ń sọ pé ìlà náà dagun ní 45° sí ilẹ̀. X jẹ́ 60°. Omi ń ṣàn lórí rẹ̀ bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gáàsì sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tó là gbọọrọ. Nítorí èyí ni prẹ́ṣọ̀ tó ń sọnù nínú rẹ̀ fi kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹbí rẹ̀ tí a fi wáyà híhun ṣe, tí ojú rẹ̀ tó 500 m²/m³, ń fa omi tẹ́ sára bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí omi ti kéré débi pé òrùka yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí díẹ̀ ti tó láti dí ojú wáyà náà. Bí prẹ́ṣọ̀ kọ́lọ́ọ̀mù bá ga tí omi sì pọ̀, ẹ má ṣe yára mú abala irin: ọ̀pọ̀ ló ti já àwọn ènìyàn kulẹ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé oru á wúwo, omi tó pọ̀ á sì máa fà á padà sísàlẹ̀.

## Kí ni omi yín máa ń ṣe bó bá pẹ́?

Ìbéèrè yìí ni kí ẹ fi síwájú gbogbo ìbéèrè yòókù.

Bí ooru bá ń ba ọjà yín jẹ́, kí omi tó dúró kéré, kí ó sì kúrò kíákíá. Tíréè kò bá irú ọjà bẹ́ẹ̀ mu, kì í sì í ṣe nítorí àkókò nìkan. Omi 50 mm tó wà lórí tíréè kan ń béèrè prẹ́ṣọ̀ tó tó nǹkan bíi mílíbáà 5 lọ́wọ́ oru kí ó tó kọjá. Bí tíréè bá jẹ́ 20, mílíbáà 100 nìyẹn. Ká ní òkè kọ́lọ́ọ̀mù wà ní mílíbáà 20, ìsàlẹ̀ á wà ní 120. Bó bá jẹ́ omi lásán, 17.5°C ló ti ń hó lókè, á sì di nǹkan bíi 49°C kí ó tó hó nísàlẹ̀. Ọjà tó wà nísàlẹ̀, tó sì ti lo àkókò jù lórí tíréè, ń jẹ ìyà lẹ́ẹ̀mejì. Abala irin tàbí wáyà híhun ni kí ẹ rà níbí, kí ẹ má sì jẹ́ kí owó rẹ̀ dẹ́rù bà yín.

Bó bá jẹ́ pé kẹ́míkà tó wà nínú omi ló ń lo àkókò láti gbé gáàsì mì, ọ̀rọ̀ yí padà. Omi púpọ̀ àti àkókò gígùn lẹ fẹ́, tíréè sì lè dára ju packing lọ. Ibi tó ti wù mí jù láti fi ṣe àpẹẹrẹ ni ìwẹ gáàsì pẹ̀lú MDEA, ọ̀kan lára àwọn kẹ́míkà tí a ń pè ní amine. H₂S ń wọ MDEA lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ó bá kan ojú rẹ̀. CO₂ ń lọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ kó H₂S nìkan, tó sì fẹ́ jẹ́ kí CO₂ kọjá, ń wá ojú púpọ̀ pẹ̀lú omi díẹ̀, kí CO₂ má ráyè. Ẹni tó fẹ́ kó méjèèjì ń wá omi púpọ̀. Omi kan náà ni, gáàsì kan náà ni, ohun tí wọ́n máa rà sì yàtọ̀ pátápátá. Ní ti MEA, amine mìíràn, CO₂ ń yára wọ inú rẹ̀, nítorí náà ojú ló ń darí níbẹ̀ ju ìdádúró lọ.

Àwọn tó ń ya ọjà sọ́tọ̀ ní ìsè kan lẹ́ẹ̀kan, bíi àwọn tó ń ṣe lọ́fínńdà àti oògùn, ló máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí jù. Ká ní ẹ da lítà 1,000 sínú ìkòkò, ìdá 2 nínú 100 rẹ̀ ni ohun iyebíye tó ń kọ́kọ́ fò jáde. Lítà 20 nìyẹn. Kọ́lọ́ọ̀mù yín fẹ̀ ní mítà 0.3, ó ga ní mítà 4, omi sì ń ṣàn nínú rẹ̀ bí ti àtẹ òkè yẹn. Pẹ̀lú Pall ring 25 mm, omi tó wà lára packing á tó lítà 15. Pẹ̀lú Raschig ring, á tó lítà 21. Èyí túmọ̀ sí pé gbogbo ohun iyebíye náà lè jókòó sínú kọ́lọ́ọ̀mù láìjáde ní mímọ́, á wá máa dà pọ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Raschig ring 25 mm kò tilẹ̀ yẹ kọ́lọ́ọ̀mù tó tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó yẹ kí fífẹ̀ kọ́lọ́ọ̀mù tó ìlọ́po 20 sí 30 òrùka Raschig. Ti Pall ring jẹ́ nǹkan bíi ìlọ́po 10.

Níbi tí wọ́n ti ń fi triethylene glycol, ohun olómi tó ń fa omi mọ́ra, gbẹ gáàsì, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Niger Delta, ìṣòro méjì ló ń pàdé: glycol ki, iye rẹ̀ tó ń ṣàn sì kéré púpọ̀. Kíki ń fi kún ìdádúró. Bí omi bá ń ṣàn bí awọ fẹ́lẹ́ tí kò rú, tí kíki rẹ̀ sì di ìlọ́po 8, omi tó dúró á di ìlọ́po 2. (Ẹ má lo ìlànà 1989 yẹn bí kíki omi bá ti kọjá nǹkan bíi ìlọ́po 5 ti omi lásán, iye tó máa fún yín á kéré ju òtítọ́ lọ.) Tíréè onífìlà ń mú glycol dúró lórí rẹ̀ kódà bí pọ́ǹpù bá dẹ́kun fún ìgbà díẹ̀, gáàsì kò sì ní ríbi sá láìfọwọ́ kan glycol. Abala irin ń gba gáàsì púpọ̀ sí i nínú àgbá kékeré, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìpínmi, èyí tó ń pín omi ká orí packing. Bí ẹ̀rọ yẹn bá fì sí apá kan, apá kejì á gbẹ, gáàsì tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ á sì gba ibẹ̀ kọjá.

Ìdádúró tún ní iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá pa kọ́lọ́ọ̀mù. Abala irin kò nípọn ju ìdá kan tàbí méjì nínú mẹ́wàá mílímítà lọ, ojú rẹ̀ sì gbòòrò. Níbi tí epo ti ní sulphur nínú, iron sulphide máa ń hù sára rẹ̀, epo àlẹ̀mọ́ á sì ṣẹ́ kù sáàárín abala. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn kí ó tó tutù, tí atẹ́gùn wọlé, iron sulphide á gbiná fúnra rẹ̀, epo àlẹ̀mọ́ á gbà á, irin náà á yọ́. Irú iná bẹ́ẹ̀ ti jó ọ̀pọ̀ kọ́lọ́ọ̀mù láyé. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ máa ṣọ́ bí ooru inú rẹ̀ ṣe ń lọ kí ẹ tó ṣí i. Bí ẹ kò bá lè ṣe ìfọ̀ náà dáadáa, ẹ fi òrùka ńlá rọ́pò abala.

## Ibi tí gáàsì ti ń di ọ̀tá omi

Gbogbo ohun tí mo ti sọ dúró lórí pé gáàsì ń rọra lọ. Nígbà tó bá ń rọra lọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi nǹkan kan kún ìdádúró. Bó bá yára kọjá ààlà kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í di omi mú, omi tó dúró á dín ọ̀nà gáàsì kù, ọ̀nà tó dín kù á mú kí gáàsì tún yára sí i. Níkẹyìn omi kò ní lè sọ̀kalẹ̀ mọ́, kọ́lọ́ọ̀mù á kún ya.

Ìlànà 1989 ní nọ́ńbà fún èyí: ìdádúró tuntun jẹ́ ti àtijọ́ lọ́nà 1 + 20x², tí x jẹ́ prẹ́ṣọ̀ tó sọnù tí a pín fún prẹ́ṣọ̀ omi tó ga bí packing. Bí ẹ bá ń pàdánù 40 mm omi lórí mítà packing kan, ìdádúró fi nǹkan bíi ìdá 3 péré nínú 100 pọ̀ sí i. Ní 100 mm, ó ti di ìdá 20. Ní 200 mm, ó ti di ìdá 80, ẹ sì ti wà létí àkúnya. Ìdí tí àwọn tó ń ya àwòrán kọ́lọ́ọ̀mù ìwẹ gáàsì fi máa ń dúró sí 15 sí 50 mm lórí mítà kan nìyẹn. Nínú àwọn mẹ́rin inú àtẹ wa, Raschig ring ló máa kọ́kọ́ kún ya, nítorí pé ó ti lo àyè rẹ̀ tán kí gáàsì tó dé. Abala irin àti Pall ring 50 mm ló lè fara dà á jù.

## Amọ̀, irin àbí ike

Omi ń tẹ́ sára amọ̀ dáadáa, nítorí náà ojú amọ̀ ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wúwo, ó sì ń fọ́. Irin tuntun lè ní epo ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ lára. Kí ẹ tó fọ epo yẹn kúrò, omi á máa sá lára rẹ̀. Ike polypropylene kò fẹ́ràn omi lásán: omi á di ìṣàn tín-ín-rín tàbí ẹ̀kán, ìdádúró á dín kù, ẹni tó bá rò pé dídín yìí dára á wá rí i pé ojú tó ń ṣiṣẹ́ ló dín kù. Ike dára níbi ásíìdì tí kò gbóná àti níbi tí ẹ ti ń fi omi púpọ̀ wẹ gáàsì. Bí ooru bá ti ń sún mọ́ 100°C, ẹ yí ojú kúrò lára rẹ̀.

## Bí ẹ ṣe lè wọ̀n ọ́n fúnra yín

Nínú yàrá ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ ti fáàfù omi àti ti gáàsì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì gbe garawa sí ìsàlẹ̀. Omi àṣàn ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ má gbàgbé láti yọ omi inú páìpù àti ti ẹ̀rọ ìpínmi kúrò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ìwé iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyí, ó sì ń mú nọ́ńbà ga sí i. Ọ̀nà yìí kò lè sọ ti omi àlẹ̀mọ́. Fún ìyẹn, ẹ wọn packing gbígbẹ, ẹ rẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ó kán tán, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣeé ṣe láti gbé gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù sórí òṣùwọ̀n, ẹ ó rí méjèèjì pọ̀, ẹ ó sì rí bí wọ́n ṣe ń yí padà bí gáàsì bá ń yára. Ọ̀nà iyọ̀ tún wà: ẹ ta omi iyọ̀ díẹ̀ sí òkè, ẹ wo bí iná mànàmáná ṣe ń kọjá nínú omi ìsàlẹ̀. Àkókò tí iyọ̀ fi dé ń sọ iye omi tó wà lọ́nà, ìrù gígùn tó bá tẹ̀ lé e sì ń fi omi àlẹ̀mọ́ tó ń dá iyọ̀ padà díẹ̀díẹ̀ hàn. Nínú gbogbo wọn, òun ló ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́kọ̀ọ́ jù.

Kọ́lọ́ọ̀mù ńlá tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kò ṣeé gbé sórí òṣùwọ̀n. Ìtànṣán gamma láti ara cobalt-60 tàbí caesium-137 ni wọ́n ń lò fún un: wọ́n á sọ orísun rẹ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tó ń gbà á ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n á sì máa ka ibi tí omi ti pọ̀ àti ibi tó ti gbẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Packing yòówù kí ẹ yàn, ẹ fi omi dán ẹ̀rọ ìpínmi wò kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn kọ́lọ́ọ̀mù. Fún abala irin, ibi 60 sí 100 ló yẹ kí omi ti máa kán lórí m² kan. Ẹ gbé ife kan náà sábẹ́ àwọn kan nínú wọn, kí ẹ sì fi omi inú ife wé ara wọn. Lẹ́yìn náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ wọn omi àṣàn tó jáde nígbà tí ẹ bá pa á, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pẹ̀lú iye omi àti gáàsì tó ń lọ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá tún un wọ̀n lẹ́yìn ọdún kan lórí ìwọ̀n kan náà tó sì ti pọ̀ sí i, ìdọ̀tí ti ń gba àyè òfìfo nínú packing yín; bó bá dín kù, ẹ lọ wo ẹ̀rọ ìpínmi.